Eérú tàbí Ọmọ Ọ̀gẹ̀dẹ̀: Ọ̀rọ̀ lórí Àwọn Eré Tẹlifíṣọ̀n Àtijọ́ àti Àwọn Tí Ó Yọ Lára Wọn

Àwọn baba wa a máa sọ pé bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Níbi òkú àgbà ni a ti sábà ń pa òwe yìí, láti fi tu àwọn ọmọ olóògbé nínú, a kì í sì í dúró láti rò ó pé ohun méjì tí òwe náà dárúkọ kò dọ́gba rárá. Eérú kì í tún di iná mọ́. Ó funfun, ó tutù, afẹ́fẹ́ díẹ̀ a sì gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń fi gbòǹgbò tirẹ̀ mu omi nínú ilẹ̀. Yóò la ewé, yóò so èso, àwọn ọmọ mìíràn yóò sì yọ ní ìdí rẹ̀. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí ohun kan bá tẹ̀lé òmíràn tí ó sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a bi: ṣé eérú ni èyí, tàbí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ fi wo àwọn eré ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ orí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní ilẹ̀ wa, àwọn ti àtijọ́ àti àwọn tuntun tí ó yọ lára wọn. Kò sí olùkọ́ kan tí kò tíì gbọ́ àríyànjiyàn yìí rí. Àgbà yóò mi orí, yóò ní eré ti tán láyé, pé àwọn tí a ń ṣe nísinsìnyí kò ju ariwo àti aṣọ lọ. Ọmọ ilé-ìwé yóò fèsì nínú ọkàn rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sọ ọ́ síta, pé eré àtijọ́ ń fà bí ìgbín, pé àwòrán rẹ̀ kò mọ́lẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò kan òun. Àwa kò rò pé ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì ń purọ́. Ṣùgbọ́n a rò pé àwọn méjèèjì ń dájọ́ láì pe ẹlẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀dọ̀ orúkọ ọ̀nà kan tí gbogbo ará Ìlọrin mọ̀. Ní àárín ìlú náà ni ọ̀nà ńlá kan wà tí a ń pè ní Táíwò Road. Ilé ìtajà kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ọkọ̀ kì í sì í dá lórí rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Orúkọ kan ṣoṣo náà ti bí méjì, nítorí àwọn kan ń lọ sí Táíwò Òkè, àwọn mìíràn sì ń lọ sí Táíwò Ìsàlẹ̀. Àlejò tí ó bá gbọ́ orúkọ yìí lè rò pé ìbejì kan ni a fi sọ ọ́, kí ó sì máa bèèrè ibi tí ọ̀nà Kẹ́hìndé gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Ibrahim Taiwo Road. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ibrahim Taiwo ni gómìnà ológun ìpínlẹ̀ Kwara láti oṣù Keje ọdún 1975 títí di ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976, nígbà tí àwọn ọmọ ogun tí ó fẹ́ fi ipá gba ìjọba pa á, ní ọjọ́ kan náà tí wọ́n pa olórí ìjọba, Murtala Muhammed, ní Èkó.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí orúkọ náà. Apá kan rẹ̀ ti já bọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn, nítorí pé ẹnu a máa gé ohun tí ó bá gùn kúrú. Ọmọ tí ó ń lọ ra ìwé ní Táíwò Road lónìí ń pe orúkọ náà ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá lóòjọ́ láì mọ̀ pé gómìnà kan ni ó ń pè. Báyìí ni orúkọ ṣe ń pẹ́ ju ìtàn rẹ̀ lọ, bí kò bá sí ẹni tí yóò máa sọ ìtàn náà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì ń rí pẹ̀lú eré.

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú orúkọ Táíwò fúnra rẹ̀. Gbogbo Yorùbá ni ó mọ̀ pé nínú ìbejì, Táíwò ni ó kọ́kọ́ jáde, síbẹ̀ Kẹ́hìndé ni a ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní Kẹ́hìndé ni ó rán àbúrò rẹ̀ jáde kí ó lọ tọ́ ayé wò, kí ó wá jíṣẹ́ bóyá ayé dùn tàbí kò dùn. Ènìyàn tí irú ìgbàgbọ́ báyìí wà ní ilé rẹ̀ kò gbọdọ̀ yára sọ pé ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni ó jù. Ó lè jẹ́ pé ẹni àkọ́kọ́ kàn wá tọ́ ọ wò ni.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a pe àwọn ẹlẹ́rìí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti Ìwọ̀-Oòrùn, WNTV, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ní àkókò ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Òun ni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1960, ọjọ́ òmìnira gan-an, ti Ìlà-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní Enugu; ní ọdún 1962, ti Àríwá bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná, ti ìjọba àpapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ìlọrin wà ní ipò tí ó ṣàjèjì nínú ètò yìí. Yorùbá ni èdè tí ó gbilẹ̀ jù ní ìgboro rẹ̀, ìlú Ìbàdàn sì sún mọ́ ọn ju Kàdúná lọ gidigidi, ṣùgbọ́n abẹ́ ìjọba Àríwá ni ó wà títí di ọdún 1967, nígbà tí a dá ìpínlẹ̀ tí a wá ń pè ní Kwara sílẹ̀. Ní ọdún 1977, ìjọba àpapọ̀ kó àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n gbogbo jọ sábẹ́ àṣẹ kan, èyí tí a ń pè ní NTA. Láti ìgbà náà ni eré kan ti lè ti Èkó jáde kí a sì máa wò ó ní Ìlọrin, ní Enugu, àti ní Kano.

Ṣùgbọ́n níbo ni àwọn eré àkọ́kọ́ ti wá? Wọn kò ti ojú ọ̀run bọ́. Kí tẹlifíṣọ̀n tó dé ni àwọn alárìnjò ti ń ti ìlú bọ́ sí ìlú, tí wọ́n ń para dà di ọ̀bọ, di ẹkùn, tí wọ́n ń fi àwọn ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn wọn ni Hubert Ògúndé dìde, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1945, tí ó sì kó eré rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ wa. Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládípọ̀ tẹ̀lé e. Nígbà tí WNTV dé, ènìyàn tí ó ti mọ bí a ti ń pa ogunlọ́gọ̀ lẹ́rìn-ín ní gbọ̀ngàn ti wà nílẹ̀. Kìkì pé a gbé iná àti ẹ̀rọ síwájú rẹ̀ ni. Nítorí náà, àwọn eré tí a ń pè ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ lónìí, ọmọ ni àwọn náà jẹ́ ní ìgbà tiwọn.

Ẹ wo Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá. A bí i ní ọdún 1936, ó sì kú ní ọdún 2018. Olórin ni ó kọ́kọ́ jẹ́; inú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ni Sunny Adé, tí ó di ọba orin jùjú lẹ́yìn náà, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láàárín ọdún 1960 sí 1970 ni ó bọ́ sí orí tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn pẹ̀lú ẹgbẹ́ Aláwàdà rẹ̀. Ó de táì ńlá, ó gbé awò ojú fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ wọ̀, ó sì gbé aago ńlá kọ́rùn bí ẹni pé aago ọwọ́ ni. Kí ó tó la ẹnu ni àwọn ènìyàn ti ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lábẹ́ aṣọ yẹ̀yẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ gidi wà: ahun tí owó rẹ̀ kò ṣe é ná, àgbàlagbà tí ojúkòkòrò mú gòkè àjà. Ìyẹn ni alárìnjò ti ń ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́, Bàbá Sàlá kàn gbé e wọ inú yàrá àwọn ènìyàn ni. Lẹ́yìn náà, ó gbé e lọ sínú fíìmù. Ọ̀run Mooru jáde ní ọdún 1982, Mosebọ́látán sì jáde ní ọdún 1985. Kí ó tó lè jèrè iṣẹ́ Ọ̀run Mooru, àwọn olè ti da fíìmù náà kọ, wọ́n sì ń tà á káàkiri. Àdánù náà wọ̀ ọ́ lára títí ọjọ́ ayé rẹ̀. A ó padà sí ọ̀rọ̀ olè yìí, nítorí pé ó wà lára ohun tí ó ń pa ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí ó tó so.

Ẹlẹ́rìí wa kejì yóò wu ẹ̀yin olùkọ́ jù lọ, nítorí pé ọ̀gá ilé-ìwé ni olórí eré náà. The Village Headmaster ni orúkọ rẹ̀. Ṣẹ́gun Olúṣọlá ni ó dá a sílẹ̀, ẹni tí a bí ní ọdún 1935 tí ó sì kú ní ọdún 2012, tí ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ ìgbéré-jáde ní WNTV, tí ó sì di aṣojú ìjọba wa ní Ethiopia lẹ́yìn náà. Kí eré náà tó di ohun tí a ń fi ojú wò, ohun tí a ń fi etí gbọ́ ni; láti orí rédíò ni ó ti kọjá sí tẹlifíṣọ̀n Èkó ní ọdún 1968, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1988. Ogún ọdún gbáko ni. Ìlú kékeré kan tí a ń pè ní Ọjà ni ibi ìṣẹ̀lẹ̀ rẹ̀. Ọba wà níbẹ̀, ìjòyè wà níbẹ̀, olóńjẹ wà níbẹ̀, àwọn tí ó ti ìlú mìíràn wá sì wà níbẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé dúró ní àárín gbogbo wọn. Òun ni ó mọ ìwé, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ni ìlú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣe olùkọ́ ní abúlé rí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: kí a máa pè ọ́ wá ka lẹ́tà, kí a sì máa sọ fún ọ pé àlejò ni ọ́.

Eré náà wọ inú ayé tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn inú rẹ̀ fi di ọ̀rọ̀ lásán. Ibidun Allison ni ó ṣe Amebo, obìnrin tí kò sí ọ̀rọ̀ ẹni tí kì í gbé kiri. Lónìí, ọmọ tí kò wo eré náà rí, tí a kò tilẹ̀ tíì bí òbí rẹ̀ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, yóò sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, “Ìwọ yìí, amebo ni ọ́.” Orúkọ tún ti pẹ́ ju ìtàn rẹ̀ lọ.

Ohun kan tún wà tí àwọn olùyìn àtijọ́ kì í sábà rántí. Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ni ó ṣe ọ̀gá ilé-ìwé náà. Ted Mukoro ṣe é, Femi Robinson ṣe é, Justus Esiri náà sì ṣe é. Nígbà tí èkejì gba àga lọ́wọ́ èkíní, ó dájú pé àwọn kan wà tí ó ní eré ti bàjẹ́. Síbẹ̀, àwọn ọmọ tí ó jẹ́ pé ẹni kẹta ni wọ́n bá lórí àga kò mọ ọ̀gá mìíràn, òun sì ni wọ́n ń fi gbogbo ẹnu yìn lónìí. Nítorí náà, nígbà tí àgbà kan bá ní kò sí ọ̀gá ilé-ìwé bí ti àtijọ́, ó yẹ kí a bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo nínú wọn?”

Ní ọdún 2021, NTA tún gbé eré náà jáde pẹ̀lú orúkọ tí ó fi hàn pé tuntun ni, The New Village Headmaster. Ọdún 33 ni ó wà láàárín ìparí èkíní àti ìbẹ̀rẹ̀ èkejì. Ọmọ ọdún 10 tí ó wo èyí tí ó kẹ́yìn ní ọdún 1988 ti di ẹni ọdún 43. Àwa kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ líle wọn iṣẹ́ irú eré bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé ti ọdún 1968 nìkan ni ó ní ìwé nínú abúlé; ti ọdún 2021 ń bá ọmọ tí ó ní fóònù lọ́wọ́ sọ̀rọ̀, ọmọ tí ó lè wádìí ọ̀rọ̀ olùkọ́ rẹ̀ kí ó tó parí gbólóhùn. Bí eré tuntun bá gbójú lé orúkọ àtijọ́ nìkan, eérú ni. Bí ó bá bèèrè ohun tí ó kù fún olùkọ́ láti ṣe nígbà tí ìwé kò jẹ́ tirẹ̀ nìkan mọ́, a jẹ́ pé ó ti ta gbòǹgbò tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè yìí fi kan ẹ̀yin náà ju àwọn òṣèré lọ.

Ẹlẹ́rìí wa kẹta ni ẹ̀ka tí ó ta jùlọ nínú gbogbo èyí tí a mọ̀. Láti ọdún 1991 sí 1994, Amaka Igwe gbé eré kan jáde tí a ń pè ní Checkmate. Ìtàn ìdílé olówó ni, ìdílé Haatrope, pẹ̀lú ìjà owó àti ìjà ìfẹ́ wọn; Ego Boyo ni ó ṣe Ann Haatrope. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn ńlá yìí ni ọkùnrin kan wà tí a ń pè ní Chief Fuji, tí Kúnlé Bámtẹ́fà ń ṣe, baálé tí ìyàwó pọ̀ nílé rẹ̀ tí àlàáfíà sì ṣọ̀wọ́n. Bí a bá fi Checkmate wé oúnjẹ, ata ni Chief Fuji, kì í ṣe iyán. Ṣùgbọ́n Amaka Igwe rí i pé àwọn ènìyàn ń dúró de ata náà. Láti ọdún 2001 ni Fuji House of Commotion ti di eré fúnra rẹ̀, nínú èyí tí Toun Oni ti ṣe Mama Moji, tí Ngozi Nwosu sì ṣe Peace.

Kí ni ó mú kí ẹ̀ka yìí yè? Kò gbìyànjú láti tún Checkmate ṣe. Ààfin olówó ni ìyá rẹ̀ dúró sí. Òun bọ́ sínú àgbàlá olórogún, níbi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkòkò ọbẹ̀ títí dé orí owó ilé-ìwé ọmọ. Ìyá rẹ̀ mú wa bẹ̀rù. Òun mú wa rẹ́rìn-ín, kí á tó wá ronú pé ẹ̀rín náà súnmọ́ ilé wa jù. Amaka Igwe kú ní ọdún 2014, ẹni ọdún 51 péré, ṣùgbọ́n ó ti fi hàn wá pé ẹni tí ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ògiri nínú ìtàn kan lè di baálé nínú òmíràn.

Ẹlẹ́rìí kẹrin ni àwọn ọmọ ilé-ìwé mọ̀ jù wá lọ. Ní ọdún 2008, Fúnkẹ́ Akíndélé gbé fíìmù kan jáde tí a ń pè ní Jenifa. Súlíà, ọmọbìnrin ará oko, wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó fẹ́ dà bí àwọn ọmọge ìlú, ó yí orúkọ rẹ̀ padà, ọ̀nà tí ó sì tọ̀ kò bí ire fún un. Ìkìlọ̀ ni fíìmù náà. Apá kejì tẹ̀lé e ní ọdún 2011. Ní ọdún 2015, ọmọbìnrin kan náà tún yọ nínú eré ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, Jenifa’s Diary. Ẹ kíyèsí ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Fíìmù náà fi ìyà jẹ Jenifa; eré yìí fún un ní àyè láti tún ayé rẹ̀ ṣe. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé tí a ti ń ṣe irun lọ́ṣọ̀ọ́, ó ń ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ, ó ń ṣubú, ó ń dìde. Ní ọdún 2019, ẹ̀ka mìíràn tún yọ, Aiyetoro Town, tí ó mú wa padà sí abúlé tí ó ti wá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ó tún padà sí ilé sinimá. Láti ara ọmọbìnrin kan ṣoṣo, a ti rí ìkìlọ̀, a ti rí àánú, a sì ti rí ìpadàbọ̀ sílé.

Àwọn kan yóò ní kí ni Gẹ̀ẹ́sì tí kò tọ́ ń wá níwájú ọmọ ilé-ìwé. A gbọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí The Masquerade, eré àwọn ará Enugu, tí àwọn àgbà ń yìn títí di òní. Chika Okpala ni ó ṣe Zebrudaya nínú rẹ̀, ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wọ́ ju ti Jenifa lọ fíìfíì. Bí ti àtijọ́ bá jẹ́ ọgbọ́n, a kò gbọdọ̀ pe ti ìsinsìnyí ní ìbàjẹ́. Òṣùwọ̀n méjì kò yẹ ọjà kan.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ní Amẹ́ríkà, eré All in the Family bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1971, ó sì parí ní ọdún 1979. Láti ara rẹ̀ ni The Jeffersons ti yọ ní ọdún 1975, ìtàn ìdílé aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ aládùúgbò lásán nínú èyí àkọ́kọ́. Ó sì wà títí di ọdún 1985. Ọmọ pẹ́ láyé ju ìyá lọ. Ìyá náà pàápàá, láti ara eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1965 ni a ti ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí eré Friends, tí gbogbo ayé fẹ́ràn, parí ní ọdún 2004, a mú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́fà inú rẹ̀, a ṣe eré tirẹ̀ tí a pè ní Joey. Kò rí ọdún 2006 kọjá. Àwọn tí a fẹ́ràn nítorí pé wọ́n wà papọ̀, a yọ ẹnì kan lára wọn, a ní kí ó máa dá jó. Eérú ni ìyẹn.

Kí wá ni ó mú kí àtijọ́ dùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà? Ìdí mẹ́ta ni a rí. Èkíní, ọ̀wọ́n. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo wà ní àdúgbò, tí gbogbo ọmọ jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀ onílé, tí àwọn tí kò ráyè wọlé sì yọjú láti ojú fèrèsé, kì í ṣe eré nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń wo ara wọn pẹ̀lú. Ayọ̀ ìjókòópọ̀ náà ti dàpọ̀ mọ́ eré nínú ìrántí wọn, wọn kò sì lè yà á sọ́tọ̀ mọ́. Èkejì, ìrántí dà bí ajọ̀. Ó ń da èyí tí kò dára nù. Àìmọye eré tí kò nílárí ni a ṣe ní ìgbà náà, a ti gbàgbé wọn. Ti ìsinsìnyí ni a kò tíì jọ̀.

Ìdí kẹta ni ó bà wá nínú jẹ́ jù. Púpọ̀ nínú àwọn eré àtijọ́ ni kò sí níbi tí a ti lè rí wọn wò mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe eré náà ni ó ń jáde, kò sí ẹ̀dà rẹ̀. Nígbà tí téèpù dé, ó wọ́n, a sì ń pa èyí tí ó wà lórí rẹ̀ rẹ́ kí a lè lò ó fún òmíràn. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì tí ó lówó jù wá lọ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: nínú eré Doctor Who tí BBC bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1963, ó lé ní 90 abala ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ tí ó sọnù pátápátá. Nítorí náà, nígbà tí àgbà bá ní ti àtijọ́ ni ó dára jù, ọmọdé kò lè sọ pé, “Ẹ jẹ́ kí a wò ó.” Ẹjọ́ tí a kò lè rí ẹlẹ́rìí rẹ̀ ni. Àgbà kò lè jẹ́rìí tán, ọmọdé kò sì lè jiyàn tán. Àárín àwọn méjèèjì ni ogún náà ń bọ́ sí.

Kí a má sì tan ara wa, àwọn eré tuntun ní àìsàn tiwọn. Ìkánjú pọ̀, a ń sáré kó eré jáde kí orúkọ tó tutù. Olè tí ó jẹ Bàbá Sàlá ní ọdún 1982 kò tíì kú. Ó kàn ti kúrò lórí téèpù bọ́ sórí fóònù ni, ẹni tí ó sì mọ̀ pé a ó jí iṣẹ́ òun kò ní lo ọdún mẹ́ta lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ra ẹ̀dà ayédèrú ní ẹ̀bá ọ̀nà, tí ó sì délé tí ó ń ráhùn pé eré kò dára mọ́, kí ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni èdè. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ òde òní ni ó ń ka àkọlé Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà nísàlẹ̀ àwòrán kí wọ́n tó lóye òwe Yorùbá tí òṣèré pa.

Òṣùwọ̀n wo ni kí a wá lò? Àwa dábàá ìbéèrè mẹ́ta, tí olùkọ́ lè kọ sójú pátákó. Èkíní: kí ni ọmọ yìí rí tí ìyá rẹ̀ kò rí? Fuji House rí àgbàlá olórogún. Jenifa’s Diary rí àánú. Èkejì: bí a bá yọ orúkọ àtijọ́ kúrò lára rẹ̀, ṣé yóò lè dúró? Èyí tí yóò bá wó lulẹ̀, orúkọ ni ó ń tà. Ẹ̀kẹta: ṣé ó mú kí ó wù wá láti wá ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ, tàbí ó mú kí a gbàgbé rẹ̀? Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gbàgbé pé orísun tí kò bá ṣàn lọ síbì kankan, àbàtà ni yóò dà.

Iṣẹ́ kan wà tí ó tọ́ sí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, kò sì gba owó. Àwọn tí ó wo tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn ní ọmọdé ti lé ní ẹni 70 ọdún báyìí. Téèpù lè ti parẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì wà láàyè. Ní ọjọ́ ìsinmi tí ó ń bọ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bá àgbà kan nínú ilé rẹ̀, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó sì bèèrè eré kan tí ó rántí: ta ni ó wà nínú rẹ̀, kí ni ó ṣẹlẹ̀, ilé ta ni wọ́n ti wò ó, kí ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó kọ ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ fún un. Lẹ́yìn náà, kí ó fi eré kan tí òun fẹ́ràn han àgbà náà, kí ó sì túmọ̀ ohun tí ó dùn nínú rẹ̀ fún un. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Bí a bá ṣe èyí, ọmọ tí ó ń pe ẹnìkejì rẹ̀ ní amebo yóò mọ ẹni tí Amebo jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí ẹni tí ó ń rìn ní Táíwò Road mọ Táíwò tí a ń wí. Bí a kò bá ṣe é, orúkọ nìkan ni yóò kù, àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò sì máa fi eérú bojú nígbà tí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bẹ ní ẹ̀yìnkùlé.